Olorì Tí Ń Fọ Ṣòkòtò Ọba

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, ọdún 1978, Ọmọ́wùnmí kú lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé ẹgbẹ́ eré wọn ló dojú dé. Orí ẹrù ni àwọn òṣèré jókòó sí.

Ní 1974 ni Gàníyù, ọkọ rẹ̀, kọ́kọ́ rí i. Gàníyù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abidjan dé sí Ẹ̀jìgbò nígbà náà, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ bọ̀. Wọ́n ní kó wá tún pákó orí ìtàgé tó kán ṣe ní gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ibẹ̀ ló ti bá olorì kan: adé lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìró àrán tó ká dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú ọṣẹ títí dé ìgúnpá.

Gàníyù dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Olorì. Àwọn ìwẹ̀fà dà?"

"Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà."

"Ṣòkòtò ta lẹ ń fọ̀?"

"Ti Kábíyèsí ni. Òun nìkan ló ní, òun ló sì máa wọ̀ gorí ìtẹ́ lónìí. Bó ò bá ń ṣe nǹkan, di ẹsẹ̀ kejì mú ká fún omi rẹ̀ dànù."

Ó dì í mú. Kí omi tó tán lára ṣòkòtò náà, ìfẹ́ ti bọ́ sọ́kàn àwọn méjèèjì.

Láti ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ yìí bá ti ń ṣeré ní ìlú Ara tàbí ní Ola, Gàníyù á ti débẹ̀ tòun ti òòlù. Ọmọ́wùnmí á bi í pé pákó wo ló tún kán. Gàníyù á ní kò tíì kán, òun kàn fẹ́ wà nítòsí ni.

Dúrójaiyé ni ọ̀gá ẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gba eré wọn sílẹ̀, òun nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Bí eré bá parí, "Dúrójaiyé àti ẹgbẹ́ rẹ̀" ni wọ́n máa ń kọ sójú rẹ̀. Oúnjẹ àti ẹní ni owó oṣù òṣèré. Kí àwọn obìnrin má baà lọ, ńṣe ló ń fi wọ́n ṣaya lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, Dúrójaiyé ní òun á fi òun náà ṣaya.

"Ta ní í sanwó oṣù fún ìyàwó ilé rẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ló wí, láìtijú, bí ẹni ń ka òfin.

Ọmọ́wùnmí kọ̀. Òun àti Gàníyù gba ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ. Ọ̀gá kan tó de táì fún wọn ní àga, ó yin eré rẹ̀ gidigidi, ó wá ní, "Ẹgbẹ́ la mọ̀. A ò mọ òṣèré."

Ojú ọmọ yìí ló ń kó èèyàn jọ síwájú ẹ̀rọ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òfin wọn ò sì mọ̀ ọ́n. Òfin tí kò mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, olè ló ń ṣọ́.

Dúrójaiyé lé e kúrò. Nílé, Bàrákátù, ìyá Gàníyù, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọmọ́wùnmí.

"Alágbe. Obìnrin tí gbogbo ayé ń sanwó wò."

"Ìyá mi, ẹ sunkún fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Eré ni mo sunkún fún."

Ọjọ́ Àìkú pé. Bàrákátù lọ sí pálọ̀ aládùúgbò tó ní tẹlifíṣọ̀n, obìnrin mìíràn ló dé adé jáde, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Gbogbo pálọ̀ ń kùn. Ìyá darí sílé, ó béèrè ibi tí ọmọ yẹn wà. Gàníyù sọ fún un bí Dúrójaiyé ṣe fẹ́ fi í ṣaya dípò owó, tó kọ̀, tí wọ́n sì lé e.

Ìyá jókòó. Òun náà ti ru ẹrù rí ní Abidjan fún ọ̀gá obìnrin kan, pàtírọ̀n ni wọ́n ń pè é. "Bí àsìkò owó bá tó ni pàtírọ̀n mi máa ń rántí pé ọmọ òun ni mí." Ó gbé ojú sókè. "Ó kọ ọkùnrin yẹn lójúkojú?"

"Ó kọ̀ ọ́."

"Mú un wá."

Wọ́n so yìgì wọn lẹ́yìn Iléyá. Gàníyù kan àpótí ìrókò fún un, ó fín orúkọ rẹ̀ sórí ìdérí. Ọmọ́wùnmí fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Káfíńtà mi, mi ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀ o."

"Ta ló ní kó o fi í sílẹ̀? Àpótí aṣọ eré nìyẹn."

Àwọn òǹwòran kò jẹ́ kí Dúrójaiyé sinmi títí ó fi wá bẹ̀bẹ̀. Ọmọ́wùnmí padà, gẹ́gẹ́ bí aya Gàníyù. Ní ti owó, ìlérí ni Dúrójaiyé ń san títí Ọmọ́wùnmí fi kú. Awakọ̀ ti sọ fún Dúrójaiyé pé bíréèkì ń ṣe ségesège. Ó ní bí àwọn bá ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé, àwọn á tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Gàníyù padà sọ́dọ̀ ọ̀gá onítáì. Kò béèrè owó. Ó kàn fẹ́ rí Ọmọ́wùnmí lẹ́ẹ̀kan sí i nínú téèpù, kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gá ní ìjọba kì í ra téèpù tuntun. Bí wọ́n bá ti fi eré hàn tán, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń gbà lé e. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń wá ìbò ló wà níbẹ̀ báyìí.

"Ẹ mọ orúkọ ti ọkùnrin yẹn?" ni Gàníyù bi í.

Ó ní àwọn mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kù nìyí:

Adé páálí kan.

Ìró àrán, tó ti ṣá níbi tó máa ń ká a sí.

Ọṣẹ ìfọṣọ tó ṣẹ́kù sínú ọpọ́n.

Àga kan ní pálọ̀ aládùúgbò, tí Bàrákátù kì í jókòó sí mọ́.

Àpótí ìrókò, àti orúkọ rẹ̀ lórí ìdérí. Kò sí níbòmíràn.