Ìbọn Ràímì

Ẹnu ọ̀nà Dàwódù ní Dópẹmu ni Sìlífátù dúró sí, ó fi aṣọ wé ìbọn kékeré kan, ó gbé e mọ́yà bí ọmọ.

"Ẹ kú ilé o, bọ̀dá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń tún irú èyí ṣe."

Irú èyí kẹ̀! Inú Dàwódù dùn dé ọrùn. Ìbọn ọmọdé ni, ọta kan ṣoṣo ló ń gbà, irú èyí tí àwọn òyìnbó GRA máa ń rà fún ọmọkùnrin wọn. Àwọn òyìnbó ti kó lọ, Dàwódù ló kù tó ń ṣa ìbọn wọn jọ, ìwé àṣẹ ẹ̀ sì pé. Kò láya, kò lọ́mọ. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ti lé àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dànù nílé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, àwọn ìbọn yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi àdáwà ṣeré o!

"Ti Ràímì àbúrò mi tó kú ni," Sìlífátù wí. "Ìyá wa fẹ́ kó tún máa dún."

Iṣẹ́ ọ̀hún ò yá, torí Dàwódù ò fẹ́ kó yá. Tó bá di Sọ́ńdè, òun àti Sìlífátù á gbé ìbọn míì lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, wọ́n á to agolo mílíìkì, wọ́n á máa yìn ín. Sìlífátù ò ba ẹyọ kan rí.

"Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, olówó orí mi!"

Háà! Ó ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ìfẹ́ dé.

Wọ́n fẹnu kò pé ọjọ́ tí Dàwódù bá dá ìbọn padà ni yóò bá ìyá Sìlífátù sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó wá múra sí i. Ó fi sáńpépà ha igi ìbọn náà títí ó fi dán, ó fi fáníìṣì kùn ún.

Ìyá gbà á, wọ́n dúpẹ́. Ọwọ́ wọn ń wá nǹkan kiri lára igi náà.

"Àpá eyín ọmọ mi dà?"

"Mà?"

"Ràímì fi eyín gé igi náà jẹ lọ́jọ́ tí bàbá ẹ̀ fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀. Bí mo bá kírun tán, ibẹ̀ ni mo máa ń fọwọ́ pa."

"Mo rò pé eku ló jẹ ẹ́, mà." Dàwódù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ò pariwo. Ká ní wọ́n tiẹ̀ pariwo ni, ì bá sàn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, Sìlífátù wá.

"Ìyá ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò lè máa rí ọwọ́ tó ha àpá eyín Ràímì dànù nínú ilé."

"Ìwọ ńkọ́, ìfẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ yín, Ọlọ́run mọ̀." Omi ti lé ró sójú ẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ kan ló kù fún wọn. Èmi ni."

Dàwódù sìn ín dé títì, ó sì dá nìkan padà sílé.