Ọwọ́ Òsì Muhsinah

Atẹ́gùn ọyẹ́ ló kọ́kọ́ fi Muhsinah han Tawheed. Àárọ̀ Sátidé ni, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ológun kan ní Bouaké, níbi tí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àsíá. Ẹgbẹ́ yìí ló máa ń gbé àsíá ṣáájú nígbà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ bá ń yan, èèyàn mẹ́fà péré sì ni wọ́n fẹ́ mú. Bó ṣe kan ọmọbìnrin kan báyìí, ni atẹ́gùn bá rá aṣọ àsíá mú, ó fẹ́ já igi rẹ̀ gbà. Bẹrẹ́ orí ọmọbìnrin náà yọ̀ wálẹ̀, ó bo ojú kan. Kò jẹ́ kí igi bọ́. Ó fi ojú kan tó kù wo òkè, ó sì bá atẹ́gùn sọ Yorùbá pọ́nńbélé:

"Atẹ́gùn yìí, ṣé èmi nìkan lo rí ni? Fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre!"

Tawheed Àkànmú, olórí ẹgbẹ́ náà, tó dúró níwájú láti máa fún wọn ní àmì ìdánwò, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, ọdún mẹ́ta ló ti lò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí eyín rẹ̀ rí lórí pápá yẹn.

"Pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ọyẹ́ ò mojú ẹnikẹ́ni."

Muhsinah yíjú sí i kíá. Háà! Ọmọ Yorùbá! Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé Faransé, Baoulé àti Dioula ni wọ́n ń sọ ṣúlẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Anago, ìyẹn Yorùbá, láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ Yorùbá kan rèé, tó ga, tó dúdú, tí ẹ̀rín sì yẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni pé tí o bá gbé àsíá dé iwájú olórí, ọwọ́ ọ̀tún lo máa fi kí i bí ológun ṣe ń kíra, ọwọ́ òsì lo máa fi fa àsíá lé e lọ́wọ́. Ká ní ọmọ Baoulé ló dúró níbẹ̀, Muhsinah ìbá ti ṣe é láìronú. Ó ti fi kọ́ra tó ìgbà ogún lánàá. Ṣùgbọ́n Yorùbá bíi tiẹ̀ lẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó sì jù ú lọ. Ẹ sọ fún mi, ọmọ tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní Sokoura, àdúgbò wọn ní Bouaké, pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Ọwọ́ òsì náà kọ̀ jálẹ̀. Muhsinah pààrọ̀ ọwọ́, ó fi ọ̀tún na àsíá sí i, ó tún wá tẹ eékún díẹ̀.

"Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín gba gbogbo pápá. Ẹnìkan pariwo pé, "Anago, ṣé ọjà lo wà ni?" Tawheed nìkan ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba àsíá, ó kọ òdo síwájú orúkọ Muhsinah. Ó dùn ún wọra, àmọ́ ó kọ ọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Muhsinah ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, òdo lẹ fi san án fún mi. Ẹ ṣeun o."

"Nínú gbogbo òdo tí mo ti kọ, tìrẹ ló dùn mí jù." Ó sọ fún un pé àwọn tí wọ́n kùnà nínú ohun kan ṣoṣo máa tún ìdánwò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. "Tí o bá fẹ́, màá kọ́ ọ."

"Tí mi ò bá fẹ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé màá máa kọ́ ara mi, ìwọ á máa wò mí."

Muhsinah ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in.

Bí wọ́n ṣe ń pàdé nídìí igi máńgòrò nìyẹn, lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà, lójú alásè tó ń fọ ìkòkò. Igi ìgbálẹ̀ alásè ni wọ́n fi ṣe àsíá. Ọwọ́ òsì Muhsinah á gbéra, á dé ìdajì ọ̀nà, á padà sílé.

"Gbàgbé pé Yorùbá ni mí," Tawheed wí. "Gáánà ni wọ́n bí bàbá mi sí, ìgbà tí wọ́n lé wọn ní 1969 ni wọ́n wá tẹ̀dó sí àdúgbò Belleville níbí. Máa pè mí ní Kofi."

"Kofi kẹ̀? Kofi tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín."

Ní ọjọ́ kẹrin, ọgbọ́n kan sọ sí Tawheed lọ́kàn. "Muhsinah, tí ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ bá wà nínú ìyẹ̀fun, tó sì fẹ́ na nǹkan sí èèyàn, kí ló máa ń sọ?"

"Á ní, 'Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni.'"

"Ìwọ náà sọ ọ́."

"Lórí pápá? Níwájú ọ̀gá ológun?"

"Fi ètè lásán sọ ọ́. Ọ̀gá ò ní gbọ́. Ọlọ́run á gbọ́, ọkàn tìrẹ náà á sì balẹ̀."

Muhsinah gbé ìgbálẹ̀. Ètè rẹ̀ mì: ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni. Ìgbálẹ̀ sì dé ọwọ́ Tawheed láìkọsẹ̀. Inú àwọn méjèèjì dùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dì í mú síbẹ̀, wọ́n ń wojú ara wọn, títí alásè fi húkọ́ pé òun fẹ́ gbálẹ̀.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Muhsinah," Tawheed wí, nígbà tí alásè lọ tán.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ ọ́! Èmi ti mọ̀ láti ọjọ́ òdo." Ó wolẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Èmi náà fẹ́ràn yín, Àkànmú. Ó ti pọ̀ jù fún mi láti gbé mì."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Tawheed lọ bá kàpítẹ́ẹ̀nì wọn, bàbá Baoulé kan tí irun ti funfun létè, ó ní òun ò lè fún Muhsinah ní àmì mọ́, nítorí òun fẹ́ràn rẹ̀. Kàpítẹ́ẹ̀nì wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó ní òun fúnra òun máa dúró gba àsíá lọ́jọ́ ìdánwò kejì.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé, wọ́n gba àwọn òbí láàyè láti wá wòran. Bàbá Muhsinah, Alájì Àmọ̀sù tó ń ta ìkòkò lọ́jà ńlá, wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Hàbíbátù. Muhsinah ti sọ fún wọn pé ẹnìkan wà tí òun fẹ́ kí wọ́n rí. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọgbà. Ọmọ wọn yan dé iwájú kàpítẹ́ẹ̀nì, ó fi ọ̀tún kí i, ó fi òsì fa àsíá lé e lọ́wọ́, ètè rẹ̀ mì díẹ̀. Ó yege! Orúkọ rẹ̀ wọ inú àwọn mẹ́fà. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, àfi Alájì.

"Hàbíbátù, ṣé ohun tí mo rí lo rí? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ọmọ mi wá ń fi fún arúgbó ní nǹkan lójú ayé! Muhsinah, ta ló kọ́ ọ?"

Muhsinah ò mọ irọ́ ọ́ pa. Ó tọ́ka sí Tawheed, tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti wá kí wọn. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ ológun rẹ̀.

"Ṣé eléyìí lo ní kí n wá rí?" Alájì kẹ̀yìn sí i. "Ẹni tó kọ́ ọmọ mi ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ò ní fẹ́ ẹ. Láé!"

Ọ̀rọ̀ wá di ńlá. Yìgì ò ṣeé so láìsí bàbá ìyàwó, Muhsinah ò sì jẹ́ gba orí bàbá rẹ̀ kọjá. Ó sunkún ọjọ́ náà títí ojú rẹ̀ fi wú.

Tawheed lọ sí ìsọ̀ Alájì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Alájì ń fa tẹ̀súbáà, kò gbójú sókè. Ní ìgbà kejì, ó ta ìkòkò kan fún un, kò sọ nǹkan mìíràn. Ìkòkò náà ṣì wà nílé àwọn Tawheed ní Belleville títí dòní.

Ní ìgbà kẹta tí Tawheed dé, Alájì wà lórí àkàbà, ó ń gbé abọ́ sílẹ̀ fún obìnrin kan tó wá rajà láti abúlé Bodokro. Muhsinah, tó wá sílé fún ìsinmi, ń nu abọ́ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Alájì fi ọ̀tún di àkàbà mú, ó fi òsì na abọ́ sí obìnrin náà, ó ní:

"Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni."

Obìnrin náà ò gbọ́ ẹyọ kan nínú Yorùbá. Ó gba abọ́ rẹ̀, ó lọ.

"Bàbá," Muhsinah wí, "ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ni mo sọ fún kàpítẹ́ẹ̀nì. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń kí i ni, bí ọ̀tún yín ṣe di àkàbà mú. Mo tọrọ gáfárà kí n tó na òsì."

Alájì dúró lórí àkàbà. "Ta ló kọ́ ọ?"

Muhsinah tún tọ́ka sí Tawheed, tó ti dọ̀bálẹ̀ láàárín ìkòkò.

"Ní Yorùbá? Sí Baoulé? Ṣé ó gbọ́ ọ ni?"

"Kò gbọ́, bàbá," Tawheed dáhùn láti ilẹ̀. "Kì í ṣe torí kó lè gbọ́. Torí kí àwa má baà gbàgbé ni."

Alájì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó nu ojú, ó ní eruku ni. Hàbíbátù wo ibòmíràn, ó ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀.

"Dìde, kí o tó fọ́ ìkòkò mi. Gbọ́ o: ọmọ mi ò ní torí ọkọ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọdún méjì ló kù fún un. Ṣé o lè dúró?"

"Mo lè dúró, bàbá."

"Kì í ṣe ológun ni mò ń bi. Ọmọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin ni mò ń bi."

"Òun náà lè dúró, bàbá. Á kàn máa ṣàárò gan-an ni."

Ó sì dúró. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́, wọ́n gbé e lọ ṣiṣẹ́ ológun ní Korhogo, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò pe Muhsinah láti béèrè bóyá ó ti jẹun. "Mo ti jẹ àtíẹ́kẹ́," Muhsinah á wí, "ẹ̀yin ni kò sí nínú ọbẹ̀." Inú wọn á dùn, wọn á sì sùn ire.

Ọjọ́ yìgì kò, ní Sokoura. Àwọn ọkùnrin jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú Lèmọ́mù, àwọn obìnrin wà ní yàrá pẹ̀lú ìyàwó. Hàbíbátù ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ dáadáa: tí ẹlẹ́rìí bá wá bi í bóyá ó gbà, kó dorí kodò, kó dákẹ́, ìtìjú ló yẹ ìyàwó, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ìdáhùn.

Ẹlẹ́rìí dé ẹnu ọ̀nà. "Muhsinah, ọmọ Àmọ̀sù, ṣé o gbà láti fẹ́ Tawheed Àkànmú?"

Ni Muhsinah bá dìde, ó na àyà, ó sì fi ohùn tí wọ́n fi ń pàṣẹ láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìkejì dáhùn:

"Mo gbà!"

Abọ́ kan jábọ́ ní ilé ìdáná. Ní pálọ̀, ọkọ ìyàwó ti fò dìde láàárín àwọn àgbà, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti dìde.

Lèmọ́mù wo Alájì. Ìgbà mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n béèrè.

"Ẹ máa so yìgì yín lọ, Lèmọ́mù," Alájì wí. "Gbogbo Sokoura ti gbọ́."