Lindahl tó Forúkọ Wa Sílẹ̀ ní Òdìkejì Odò

Inú omi tó mù ún dé àyà ni Ardis Tollefson wà nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe òun ló ni orúkọ ara rẹ̀.

Joyce, akọ̀wé ìlú Minnesota tó ni adágún náà, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá sí etí omi. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń tọrọ àforíjì kó tó sọ ohunkóhun, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe níbí.

"Màmá Tollefson, ẹ má bínú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè wá."

"Kí ni mo bàjẹ́?"

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ni mo pè, kí n lè fi orúkọ yín sínú ìwé iṣẹ́. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Èbúté Tollefson wà lọ́dọ̀ àwọn lóòótọ́, àmọ́ Gordon Lindahl ló ni ín."

"Lindahl kẹ̀? Òun la rán pé kó bá wa forúkọ sílẹ̀."

"Ó forúkọ sílẹ̀, Mà. Ó kàn fi ṣe tara rẹ̀ ni. Ta tiẹ̀ ni Lindahl yìí?"

Ohun tí Ardis mọ̀ nípa ọkùnrin náà kò ju pé ó máa ń rẹ́rìn-ín sí àpárá òun. Ohun tó sì fi gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó gòkè, omi ń ro tótó lára ṣòkòtò rọ́bà rẹ̀, ó sì ń wí lọ́kàn pé, àgbà tó gbọ́n ni ọ́ lóòótọ́, Ardis.

Wisconsin ni ilé-iṣẹ́ náà ti níwèé. Norbert, ọkọ rẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Norbert kú, Ardis àti Karla ọmọ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ. Tí òtútù bá lọ, wọ́n á to èbúté pákó sínú adágún fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Tí ewé bá ti ń wọ́, wọ́n á kó o jáde kí omi tó dì, torí èyí tí yìnyín bá bá nínú omi, fífọ́ ló máa fọ́ ọ túútúú. Iṣẹ́ ti ń tán ní ìhà tiwọn. Minnesota, ní òdìkejì odò, ló kún fún adágún. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó níwèé nílé kò gbọdọ̀ kàn sọdá lọ ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ onípìínlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bí àlejò. Bí ẹlòmíràn bá sì ti ń jẹ́ orúkọ náà níbẹ̀, àlejò ò lè jẹ́ ẹ mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni Lindahl ti bá wọn. Ó ní òun ni òun ń bá àwọn èèyàn ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ pe ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa yọ àwọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa wá. Kò sí ohun tó ń bà wá lẹ́rù níbí tó ká yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Bí ilé wa bá ń jó, a ó kọ́kọ́ bi àwọn panápaná bóyá ọwọ́ wọn dí. Ardis sanwó, ó gba ìwé kan tó ní èdìdì wúrà, ó sì yan páì fún ọkùnrin náà láti fi dúpẹ́ olè jíjà.

"Mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ padà sínú omi," Joyce wí. "Àfi kó fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda orúkọ náà. Tó bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á gbà yín kíá. Àmọ́ ẹ wojú ọ̀run, Mà. Yìnyín ò ní dúró de Lindahl."

Karla ló wa ọkọ̀ lọ sí àdírẹ́sì tí Lindahl fún wọn.

"Mọ́mì, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i o. Kẹ́ ẹ bínú."

"Mo ti ń bínú."

"Ojú yín ò jọ ọ́."

Ilé ìtajà àwọn apẹja ni àdírẹ́sì náà. Ọlọ́jà náà fi àgbọ̀n tọ́ka sẹ́yìn. "Lindahl? Tábìlì kan ló ń háyà lọ́dọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ekòló. Ó rí yín lójú fèrèsé, ló bá gba ẹ̀yìn jáde."

Wọ́n sáré yípo ilé náà. Mọ́tò Lindahl ti ń yọ sí títì. Ó rí Ardis, ó nawọ́ sókè, ó juwọ́ sí i. Ọwọ́ Ardis dìde fúnra rẹ̀, ó juwọ́ padà. Ó tún rẹ́rìn-ín sí i.

"Mọ́mì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ juwọ́ sí i."

"Mo ní mo mọ̀, Karla."

Ní ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí wọ́n ń jẹun lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ti kéde ìbọ̀wọ́ tó sọ nù tán, Ardis dìde. A kì í ṣe irú ẹ̀ níbí.

"Ẹ má bínú pé mo dá oúnjẹ yín dúró. Lindahl ti lù mí ní jìbìtì. Ó gbé orúkọ Norbert lọ, mo sì yan páì fún un. Tí òmùgọ̀ bá ń gba ẹ̀bùn, kẹ́ ẹ máa kó tèmi bọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni."

Merle Dvorak, ọkùnrin gìrìwò tó ń kan òrùlé, ń wo inú abọ́ rẹ̀ bíi pé nǹkan já sí i.

"Ìyá Karla," ó wí jẹ́jẹ́, "ó bá èmi náà forúkọ sílẹ̀ lódìkejì, ọdọọdún ló sì ń gba owó ìtọ́jú orúkọ mi lọ́wọ́ mi."

"Merle. O ò sì sọ."

"Ojú ń tì mí ni. Lọ́dún tó kọjá tí mo pẹ́ kí n tó san án, mo kọ lẹ́tà àforíjì sí i."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Kó tó rọlẹ̀, ọwọ́ kan ti nà sókè lápá òsì, òmíràn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kálukú wọn ló ti ń rò pé òun nìkan ni òmùgọ̀ ìlú.

Opsahl, ọlọ́pàá, wà ní ìdí tábìlì náà. Ardis ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó nu ẹnu. "Ṣé ó mọ̀ pé àṣírí ti tú?"

"Mọ́mì juwọ́ sí i," Karla wí.

"Ẹ juwọ́ sí i, Màmá? Tẹ̀ríntẹ̀rín?"

"Tẹ̀ríntẹ̀rín."

"A jẹ́ pé kò fura."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìwà òmùgọ̀ Ardis wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù. "Ọ̀gbẹ́ni Lindahl, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. A fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Iowa náà, ẹ wá bá wa forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀." Lindahl ní kò sí wàhálà rárá.

Ó dé ilé Ardis lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó mu kọfí, ó gba ṣẹ́ẹ̀kì, ó fi sápò. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, ìgbà yẹn ló yẹ kí Opsahl wọlé wá mú un. Karla wo ojú fèrèsé, ó wá sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ létí: ọkọ̀ tó kó tòlótòló ti dojú dé lójú títì, àwọn tòlótòló ò jẹ́ kí Opsahl kọjá.

Lindahl dìde. "Ó ti tó àkókò kí n máa lọ."

Àmọ́ Ardis ti dúró dè é lójú ọ̀nà. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ń lọ tó sì ń lọ. Èèyàn á dìde, á tún dúró. Á dé ẹnu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun. Á dénú mọ́tò, onílé á fara ti fèrèsé. Ẹni tó bá gé e kúrú, kì í ṣe ọmọ ibí. Lindahl sì ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ ibí lòun.

Ní ìdí àga, Ardis bi í nípa òtútù. Ní ilé ìdáná, ó ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ orúnkún tí wọ́n ṣe fún àbúrò rẹ̀, orúnkún ọ̀tún kí ó tó kan ti òsì. Ní ẹnu ọ̀nà, Karla gbé abọ́ pọ̀tétò yíyan lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n sì ní láti jíròrò bí abọ́ náà ṣe máa padà wálé. Òógùn bo Lindahl nínú òtútù. Ó jókòó sínú mọ́tò. Ardis gbé ìgúnpá méjèèjì lé fèrèsé.

"Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé ara ń le?"

"Ara wọn le, Mà."

"Oníṣẹ́ abẹ wo ló ń tọ́jú wọn?"

"Màmá, mo ní mò ń lọ. Ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára mọ́tò mi."

Ardis wò ó. "Níbo ni wọ́n tiẹ̀ bí ẹ sí, ọmọ yìí?"

Lindahl tẹ iná mọ́tò náà. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ẹsẹ̀ Ardis, ó gbá àpótí lẹ́tà wó. Mọ́tò Opsahl yà wọlé, ìyẹ́ tòlótòló lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, ó sì dábùú ọ̀nà.

"Bọ́ sílẹ̀. Orúkọ?"

"Gordon Lindahl."

"Èyí tí ìyá ẹ sọ ẹ́ ni mò ń bèèrè."

Ọkùnrin náà wo abọ́ pọ̀tétò tó ti dà sí i nítan. "Travis Pruett."

"Ará ibo?"

"Florida."

"Mo mọ̀," Karla wí.

"O ò mọ nǹkan kan," Ardis wí. "Àwa méjèèjì ò mọ nǹkan kan."

"Orúkọ èèyàn mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ?" Opsahl bèèrè.

"Gbogbo wọn. Gbogbo ẹni tó ń mu kọfí níbẹ̀." Pruett rẹ́rìn-ín kíkorò. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ń jà wọ́n lólè, wọ́n ń dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan rí. Bàbá kan tiẹ̀ ń bẹ̀ mí."

"Merle nìyẹn," Ardis wí.

Orí mọ́tò ni Pruett ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda orúkọ Tollefson, lẹ́yìn rẹ̀ ti Dvorak, lẹ́yìn rẹ̀ ti àwọn yòókù. Opsahl fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Merle, tí wọ́n pè kó wá gba ìwé tirẹ̀, dúró nínú àgbàlá, ó tẹjú mọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní atẹ́gùn ni.

Ardis fúnra rẹ̀ ló pe ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. Obìnrin tó gbé e dá a lóhùn bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀, ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù, ó sì ní kó tún pè nígbàkigbà.

Nígbà tí wọ́n padà sí adágún, yìnyín tín-ín-rín ti ń yọ léti omi bíi gíláàsì. Joyce dúró lókè, ó ń fọwọ́ ra ara.

"Ẹ lè wọlé wàyí, Mà. Ti yín ni orúkọ, ti yín niṣẹ́."

Ardis wọ inú omi. Ó mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé ìdí, ó mù ún dé àyà. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó di òpó èbúté àkọ́kọ́ mú, ó yíjú sí Karla.

"Torí èyí ni mo ṣe ń jà," ó wí. "Kí wọ́n lè gbà mí láyè kí n wá gan sínú omi Minnesota. Àbí o rí i pé orí mi ò pé?"

"Mo rí i tipẹ́, Mọ́mì. Ẹ fà á."

Ó fà á.