Nígbà tí Kọnkéré Ṣì Tutù

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, má gbé àsíá yẹn sókè o! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n yìí fi ń gbọn kọnkéré ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kọnkéré sì ń ya wọ inú ògiri. Bí wọn kò bá gbọ̀n ọ́n, kò ní wọ àárín irin dáadáa, ihò á kù síbẹ̀. Ògiri wo sì ni? Ògiri ilé iná átọ́míìkì ni o, èyí tí yóò sé májèlé mọ́ kó má bàa tú sáàárín ìlú.

Iṣẹ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni láti máa ṣọ́ àwọn tó ń da kọnkéré. Bó bá rí àléébù, kó gbé àsíá pupa sókè, gbogbo iṣẹ́ á dúró.

"Bùọ̀dá mi, ẹ̀rọ kejì ńkọ́?"

"Mo gbàgbé rẹ̀ sí sítọ̀. Bí ọ̀gá bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ta ni yóò wá tọ́jú ìyá wa? Ṣebí ọmọ ìyá ni wá?"

Họ́wù! Kí lọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé fẹ́ sọ sí irú ẹ̀bẹ̀ yẹn? Ó ká àsíá mọ́ abíyá. Nígbà tí kọnkéré gbẹ, tí wọ́n tú pákó tó gbá a mú, ihò hàn gbangba. Ẹ̀gbọ́n sáré fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ògiri wá ń dán gbinrin.

Ogún ọdún ni wọ́n ní irọ́ lè fi sá kí òótọ́ tó bá a. Tiwọn kò tilẹ̀ pé oṣù kan. Obìnrin alábẹ̀wò kan dé, ó ń fi òòlù kan ògiri: kó, kó, kó. Lójijì, ó dún gbò bí ohun tó ṣófo.

"Ta ló di àsíá mú níbí?"

"Èmi ni, mà." Ó sì jẹ́wọ́ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ká ní o gbé e sókè nígbà tí kọnkéré ṣì tutù ni, ṣọ́bìrì la ò bá fi kó o kúrò, ká gbé ẹ̀rọ mìíràn wá. A kì í lé ẹni tó gbàgbé ẹ̀rọ. Ẹni tó bo ihò mọ́lẹ̀ là ń lé."

Wọ́n lé àwọn méjèèjì.

"Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé e," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wí bó ti ń sunkún lọ́nà.

"Òótọ́ ni, mo bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni àsíá wà?"

Nílé, wọ́n ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń fọ́ ògiri. Ìyá wọn dẹtí sí i. "Kí ni wọ́n ń wó lọ́hùn-ún? Kì í kúkú ṣe ti ọmọ mi."

Ìwọ ọ̀dọ́, gbọ́: bí o bá fẹ́ràn ọmọ ìyá rẹ, má bá a bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Sọ̀rọ̀ nígbà tí kọnkéré ṣì tutù.