Ilẹ̀ Dúdú Inú Àwòrán

Òórùn ọ̀dà tútù ló tú àṣírí náà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn àwòrán lọgun pé wọ́n ti jí àwòrán àwọn àgbẹ̀ méje, wọ́n sì fi ẹ̀dà rọ́pò rẹ̀. Igbe náà ló kó bá a, torí òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan dé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀.

"Ta lo tà á fún?"

"Ọ̀gá, ṣebí èmi ni mo wá fẹjọ́ sùn?"

"Olè ń ké olè. Ẹ̀wọ̀n ń dúró dè ẹ́."

Ẹnì kẹta wọn ni Alálàyé, tó máa ń túmọ̀ àwòrán fún àlejò. Ó gbé àwòrán àwọn àgbẹ̀ náà lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta láti nu ìdọ̀tí rẹ̀, ó dá a padà lánàá.

"Ògidì ni mo dá padà. Olùtọ́jú yìí fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lùwé pé òun gbà á."

Lóòótọ́ ni olùtọ́jú buwọ́ lù ú, àmọ́ kò tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ó ń wo ẹ̀dà náà bí ẹni tó ń wá ihò tí yóò gbà jáde. Ojú ọ̀run pupa, ojú àwọn àgbẹ̀ rí bí ewé, torí ohun tó wà nínú ni ayàwòrán náà máa ń yà, kì í ṣe ohun tí ojú rí. Àmọ́ ilẹ̀ yẹn ńkọ́?

"Ọ̀gá, ẹ ní kí Alálàyé túmọ̀ ilẹ̀ dúdú yẹn."

Tí wọ́n bá ti dárúkọ ìtumọ̀, Alálàyé kì í lè pa ẹnu mọ́. "Ìbànújẹ́ ni. Iwájú wọn ló wà, ìyà tí wọn ò tíì jẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sọ ọ́."

"Ẹ ń sọ ọ́, ẹ ò wò ó! Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ilẹ̀ tí ọkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ló máa ń dúdú, èyí tí ọkọ́ ò tíì dé á gbẹ táútáú. Ẹ̀yìn wọn ni dúdú wà nínú ògidì. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí ni. Ara wọn ti ń fúyẹ́!"

Ó fa káàdì tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà yọ, èyí tí wọ́n tẹ àwòrán ògidì sí. Ẹ̀yìn àwọn àgbẹ̀ ni ilẹ̀ ti dúdú níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo káàdì, ó wo ẹ̀dà, ó wá wo Alálàyé.

"Ẹni tó ya èyí, inú orí tìẹ ló ti wò ó yà."

Alálàyé fò sídìí fèrèsé. Irin ló bá níbẹ̀.

"Ibo ló wà?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́..."

"Mo ní ibo ló wà?"

"Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi. Èmi ni mo ya ẹ̀dà yẹn. Ọ̀la ni ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀."

Wọ́n bá àwòrán náà níbẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Alálàyé lọ́wọ́.

Nígbà tí olùtọ́jú náà jáde, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Ó ti di aṣọ mẹ́ta àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ọkọ rẹ̀ máa lò lẹ́wọ̀n. Ọkùnrin náà gba ẹrù ọ̀hún, ó gbé e lérí, ó bú sẹ́kún.

"Ilé là ń gbé e lọ," ló wí.