A Ti Ro Ibẹ̀ Tán

"Alága ọlọ́lá, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi!"

Ẹ̀ẹ̀kẹfà nìyẹn tí Ìbílọlá máa na ìka sí dígí. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà lórí rẹ̀ látọjọ́ mẹ́ta, bó ṣe máa ṣe ọwọ́ ló kù. Tó bá na ìka kan ṣoṣo, ó jọ ẹni tó ń bá ọmọdé wí. Tó bá la ọwọ́ méjèèjì, ó jọ pásítọ̀. Níkẹyìn ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sókè díẹ̀, ó rí i pé ìyẹn ló bá ojú òun mu jù, ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀.

"Ta lò ń bá jà níbẹ̀ yẹn?" Ìyá Àgbà béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Àwọn agbésùmọ̀mí ni, mà."

"Nínú dígí?"

Ìyá Àgbà yíjú padà sí títì. Ibi tó máa ń jókòó sí lójoojúmọ́ nìyẹn, ní iwájú yàrá méjì tí wọ́n háyà nílùú Ọ̀wọ̀, níbi téèyàn ti lè rí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìfọ́n. Tí ọkọ̀ tó kó kòkó bá kọjá, á na ọrùn tẹ̀ lé e títí tó fi máa wọ kọ́nà. Ọdún kejì nìyẹn tí àwọn agbébọn ti ya wọ oko wọn lápá Ọ̀ṣẹ́, lójú ọ̀nà Ìfọ́n yẹn, tí gbogbo ahéré tú ká láàárín ọ̀sán kan, tí kòkó pọ́n sórí igi láìsí ẹni tó máa ká a. Àdá nìkan ni Ìyá Àgbà rí mú sá. Ó fi aṣọ wé e, ó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń mú un jáde, tó ń pọ́n ọn, bẹ́ẹ̀ kò sí koríko kan tó máa fi gé.

Olúgbádé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni bàbá Ìbílọlá. Ṣọ́jà ni, Borno ló wà, òun náà sì ti pé ọdún méjì tó ti wálé kẹ́yìn. Àárò rẹ̀ ń sọ Ìbílọlá débi pé kì í pa ohùn kankan tó bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ́. Èyí tó kàn ní, "Ìbí, ṣé o ti jẹun?" tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ pàápàá, ó ń gbọ́ ọ kó tó sùn.

Ìdí nìyẹn tó fi bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀ pé kí bàbá òun bá òun dá sí àríyànjiyàn iléèwé tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àkòrí rẹ̀ ni: *Agbára ológun ni ojútùú sí ìwà ìgbésùmọ̀mí.* Ìbílọlá ni olórí àwọn tó fara mọ́ ọn. Kúlísúmù, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà, ni olórí àwọn tó takò ó. Ìbílọlá ti rí i pé òun ti borí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ borí lọ́nà tí wọn ò ní gbàgbé. Ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ lórí Wáàsáàpù: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bí ẹ ṣe ń ṣẹ́gun wọn."

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, lábẹ́ igi máńgòrò iléèwé, Àràmídé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èdè Ọ̀wọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń sọ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìbí mi, mo rí iṣẹ́ tó o rán. Ìwọ náà ti wá di lọ́yà. Ó dáa, gbọ́. Abúlé kan wà níbí táwọn agbésùmọ̀mí gbà lọ́wọ́ àwọn onílé. A kó ọkọ̀ lọ, a kó ìbọn lọ, a wọ inú igbó yẹn. A ti ro ibẹ̀ tán. Ó mọ́ tónítóní. Ẹyọ kan ò kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n..."

"Dá a dúró! Dá a dúró!" Àràmídé ti fò sókè. "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kó o gé e sí. 'Ẹyọ kan ò kù níbẹ̀!' Háà, Ìbí, gbọ̀ngàn á wó."

"Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ lẹ́yìn 'ṣùgbọ́n'? Ṣé Kúlísúmù lo fẹ́ bá wá ẹ̀rí ni?"

Ìbílọlá wo fóònù náà. Ó wù ú kó gbọ́ ọ dópin. Ó tún wù ú kí gbọ̀ngàn wó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá dalẹ́ òun á dùbúlẹ̀, òun á gbọ́ ìyókù ní ìrọ̀rùn. Àràmídé gé e. Nígbà tó dalẹ́, dígí ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ dídì ló sì ń kọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Olóyè Ògúnbọ̀dé ni alága. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu oyè. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Nígbà tí wọ́n parí, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ ti fo oyè kan," wọ́n sì padà lọ kà á.

Kúlísúmù sọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mi ò sọ pé kí ṣọ́jà má lọ," ó ní. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Tí ṣọ́jà bá lé wọn tán, tó sì lọ, ta ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì?" Èèyàn mẹ́fà ló pàtẹ́wọ́ fún un. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ẹbí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ìbílọlá dìde. Ó di ẹ̀ṣẹ́. Ó gbé fóònù sí ẹnu makirofóònù, ohùn bàbá rẹ̀ sì kún gbọ̀ngàn: *A ti ro ibẹ̀ tán. Ó mọ́ tónítóní. Ẹyọ kan ò kù níbẹ̀.* Gbọ̀ngàn kò wó, ṣùgbọ́n àga mẹ́ta ṣubú. Olóyè fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀bùn fún un: aago ògiri ńlá kan, tí àwòrán Olóyè wà láàárín rẹ̀, tí ọwọ́ aago méjèèjì sì yọ láti imú rẹ̀.

Kó tó délé, Àràmídé ti gbé ohùn gígé náà sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọ̀dọ̀ akọrin, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n sá kúrò ní Ọ̀ṣẹ́, àwọn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ láti ọdún méjì kò ju ìyẹn lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé Borno ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ìbílọlá jí, kò gbọ́ ìró pípọ́n àdá. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ nìkan ló bá. Rhoda ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ó sáré jáde, ó pàdé Babátọ́pẹ́ aládùúgbò wọn tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí Ìyá Àgbà?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé ìyànà oko wọn lọ́nà Ìfọ́n ni," Babátọ́pẹ́ ní, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Háà, màmá dá orin sílẹ̀ lẹ́yìn mi títí a fi débẹ̀! Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn ọmọ àwọn lórí fóònù Bàbá Jonah, àgbẹ̀ tí wọ́n jọ sá kúrò lóko, pé ó ti kó àwọn ṣọ́jà wá ro oko àwọn, ó mọ́ tónítóní. Bàbá Jonah náà ti gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú wọn."

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé Ìbílọlá. Ọmọ àgbẹ̀ tó di ṣọ́jà ló ní "a ti ro ibẹ̀." Àgbẹ̀ ló sì gbọ́ ọ. Kí ni àgbẹ̀ tún fẹ́ kí wọ́n ro, bí kò ṣe oko?

"Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi lọ!"

Lórí ọ̀kadà, ó gbé fóònù sétí, ó sì gbọ́ ohun tí kò gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀.

"Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìyẹn, Ìbí. Ọmọ àgbẹ̀ ni ẹ́, o mọ ohun tí ríro jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ti ro ibì kan náà. Tá a bá ro ó tán, wọ́n á ní ká máa lọ síbòmíì. Tá a bá lọ, kò sẹ́ni tó ń wá. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí tísà, kò sẹ́ni tó tún kànga wọn ṣe, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ò rí nǹkan kan ṣe. Oṣù méjì péré, wọ́n ti tún hù. Mi ò sọ pé kí wọ́n má rán wa o. Ká ní a ò wá ni, àwọn tó kù níbẹ̀ ì bá ti kú tán. Àwa nìkan ò tó ni mò ń sọ. Ó ku ọ̀kan. Mo mọ̀ pé àárò oko ń sọ màmá mi. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má tíì lọ. Kí wọ́n dúró dè mí. Èmi fúnra mi ni màá bá wọn ro ó."

Ìbílọlá sunkún dé ibi tí àwọn ṣọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ ohùn náà, ó mi orí. "Òótọ́ ni bàbá rẹ sọ. Àwa náà ti wọnú igbó yìí lóṣù tó kọjá, a lé wọn. Títì nìkan ni wọ́n ní ká máa ṣọ́ báyìí." Ó pe méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé ọ̀kadà náà.

Wọ́n bá Ìyá Àgbà ní ìyànà. Kò tíì wọlé, nítorí kò rí ibi tó máa gbà. Koríko ti bo ọ̀nà náà, ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ó dúró síwájú rẹ̀ tòun ti àdá, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tí wọn ò ṣí fún un.

"Wọn ò ro ó, Ìbí," ó ní. "Olúgbádé ò purọ́ fún mi rí."

"Wọn ò purọ́, mà. Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ wọn."

Kẹ̀kẹ́ Bàbá Jonah wà nínú koríko, nísàlẹ̀ díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn ṣọ́jà wọlé lọ, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọjọ́ kọkànlá ni bàbá náà tó jáde sójú títì, láìsí bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú. Láti ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ́ igi lẹ́yìnkùlé, inú ilé ló ń sá wọ̀.

Ní Mọ́ńdè, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá Bàbá Jonah ṣì wà láàyè, Ìbílọlá gbé aago lọ síwájú gbogbo iléèwé. Kò di ẹ̀ṣẹ́. Ó gbé ohùn bàbá rẹ̀ sí makirofóònù, ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo gé òtítọ́ kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún mi, èèyàn sì ti há síbẹ̀. Ṣọ́jà ń lé wọn lóòótọ́, a ò sì lè ṣe láìsí wọn. Ṣùgbọ́n tí kò bá sẹ́ni tó dúró síbẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n á tún hù. Kúlísúmù ló borí." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó gbé aago náà fún Kúlísúmù.

Kúlísúmù wo imú Olóyè pẹ́. "Mo dúpẹ́," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí n gbé e kọ́?"

Títí di ìsinsìnyí, Ìyá Àgbà ṣì ń jókòó sí iwájú ilé, tó ń wo ọ̀nà Ìfọ́n. Ní Sátidé, àdá méjì ló ń pọ́n, tirẹ̀ àti tuntun kan tó rà de Olúgbádé. Tó bá pọ́n wọn tán, á ní, "Ìbí, jẹ́ kí n gbọ́ ọmọ mi."

Ìbílọlá á sì tẹ fóònù náà, á jókòó tì í. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni téèyàn bá fẹ́ràn, kéèyàn gbọ́ ọ dópin. *Kí wọ́n dúró dè mí. Èmi fúnra mi ni màá bá wọn ro ó.* Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà kò tíì tán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ṣì kù, tí Olúgbádé kò sọ nǹkan kan, tí kò sì tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù. Afẹ́fẹ́ ibi tó wà nìkan ló ń fẹ́. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ ìyẹn náà.