Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí Láti Inú

Ilẹ̀kùn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin alágbàfọ̀ kan. Ooru omi gbígbóná ti mú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wú, kò ṣeé tì, kò sì ṣeé ṣí tán. Káfíńtà ni mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi àtàǹpàkò tẹ pákó náà wò.

"Ta ló kan èyí fún yín?"

"Káfíńtà ni." Alágbàfọ̀ náà kò gbé ojú kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀.

"Pákó tútù ló lò."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Irú èwo lẹ fẹ́ lò?"

"Èyí tó gbẹ."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ yín náà gbẹ bíi pákó yín, Bàbá Onílẹ̀kùn."

Orúkọ tó fún mi nìyẹn. Mo gbà á.

Ọjọ́ tí mo gbé ilẹ̀kùn tuntun tó ní kí n kàn fún òun wá, òjò dé bí mo ṣe ń kàn án mọ́ férémù. Nígbà tí mo fi parí, gbogbo ilẹ̀ ti di omi. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e délé. Mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ mi, mo gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè, mo fi orúnkún tì í díẹ̀, ó ṣí. Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ sínú òjò, mo yí lọ, mo tún ṣí i fún un.

Ó dúró lábẹ́ òrùlé, ó ń wò mí bí ẹni tó rí nǹkan tó ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ tipẹ́.

"Ọkọ méjì ni mo ti fẹ́," ó ní. "Èkíní kú, èkejì lọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi rí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ilẹ̀kùn náà kò ṣeé ṣí láti inú. Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa tún un ṣe. Káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò, ilẹ̀kùn tirẹ̀ kò ṣí. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀. Mo ní, "Ó dàárọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó fi "ẹ" sílẹ̀, ó ń pè mí ní "o". Láti ìgbà tí ilé mi ti dákẹ́, ẹnì kankan kò pè mí bẹ́ẹ̀.

"Onílẹ̀kùn mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

"Kí lo jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Ta ló tiẹ̀ rán mi sí ọkùnrin yìí?"

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti dàgbà kọjá kí n máa fi orúkọ mìíràn pè é.

Láàárín ìgbà náà ni mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún ilẹ̀kùn yìí ṣe. Iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ ò tiẹ̀ ní sanwó."

"Fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo ní fi í sílẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan. A ń gbé aṣọ fífọ̀ lọ fún oníbàárà rẹ̀. Ọkọ̀ kọ́kọ́ ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń kan ìṣó, lẹ́yìn náà èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí i wò. Èéfín ń wọnú ọkọ̀. Mo gbọ́ tó ń lu gíláàsì. Ó ń fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo sáré yí lọ, mo fi orúnkún tì í, mo ṣí i.

Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aṣọ náà lápá. Ó húkọ́ tán. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ọwọ́ ilẹ̀kùn náà láti inú, ó fà á, ó tún fà á.

"Láti ìgbà wo ló ti bàjẹ́?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí n tó wọ ọkọ̀ yìí rárá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìdí tí ẹ fi ń ṣí i fún mi nìyẹn."

Mo gbọ́ "ẹ" náà. Ó dùn mí ju ẹ́ńjìnnì lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tó kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi.

"Gbogbo oníbàárà mi ni mo ròyìn yín fún," ó ní. "Mo ní mo ti rí ọkùnrin gidi. Àṣé ọwọ́ ilẹ̀kùn tó kán ni mo rí."

Ó gbé àwọn aṣọ rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Aṣọ funfun ni wọ́n. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà ní kọ́nà.

Kò pẹ́ tí ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, fi dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Báǹkì ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ mi, wọn kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé ka iwájú wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ gbèsè," ó ní.

"Mo mọ̀."

Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé ló ní kí n kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé òun. Mo yáwó pákó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo kan àwọn ilẹ̀kùn náà tán, ọkùnrin náà sì sá lọ. Wọ́n ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Oṣooṣù ni mò ń san gbèsè náà. N kò jẹ́ kó yẹ̀ rí.

"Ọkọ̀ yẹn ti kọndẹ́ẹ̀mù, Bàbá," ni àna mi sọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. "Ẹ tà á fún àwọn onírin. A ó bá yín gba tuntun láti báǹkì. Àwa la máa ṣe onídùúró."

"Gbèsè lórí gbèsè."

"Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa san án," ni ọmọ mi wí. "Ohun kan ṣoṣo la fẹ́."

Mo dúró de ohun náà.

"Kí obìnrin yẹn má ṣe jókòó sínú rẹ̀. Àga ìyá mi ló ń jókòó sí láti ọjọ́ yìí, mo kàn ń mú un mọ́ra ni. Ọkọ méjì ló ti lò ó, Bàbá. Ṣé a óò gba ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá fi tuntun gbé obìnrin àlòkù?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín wa. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

"Ìyá rẹ lò mí títí ó fi lọ," mo ní. "Kí ni wọ́n ń pe èmi?"

"Bàbá, ìyẹn yàtọ̀."

"Àlòkù ni mí. Ẹ gbé èmi náà fún àwọn onírin."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn..."

"Yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ń rù ú, n kò sì pe ẹnikẹ́ni kó wá bá mi sọ̀ ọ́." Mo dìde. "Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ máa mú ọkọ̀ tuntun yín lọ. N ó tún tèmi ṣe."

"Owó wo lẹ máa fi tún un ṣe?"

"Ẹ mu omi yín."

Wọn kò mu ún.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. N kò lówó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá mẹkáníìkì níbi tí ọkọ̀ mi wà lórí jáàkì.

"Kí n má purọ́ fún yín, Bàbá," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ṣì le, irin àtijọ́ ni. Mo ní ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan nílẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́. Èmi ni n kò lè fún yín láwìn. Ilé tí mò ń kọ́ ti gbẹ́ mi tán. Mo ti kan òrùlé, àmọ́ aṣọ ni mo ta sí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ní ewúrẹ́ ló ń kọ́kọ́ kí òun káàárọ̀."

"Tẹ̀ lé mi."

Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wo àwọn ilẹ̀kùn náà láti òkè délẹ̀. Ó kan ọ̀kan nínú wọn, kó, kó, kó, bí àlejò.

"Ta ló ni wọ́n?"

"Ìwọ ni, bí o bá gbé ẹ́ńjìnnì yẹn fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé bẹ́ńṣì mi. Èmi fúnra mi ni mo fá àwọn ilẹ̀kùn náà títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bá férémù rẹ̀ mu. Òun náà gbé ẹ́ńjìnnì wọlé. Gbèsè ẹgbẹ́ ṣì wà níbi tó wà, mo ṣì ń san án. Ṣùgbọ́n kò sí onídùúró kankan tó lè pàṣẹ ẹni tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́?" ni mẹkáníìkì bi mí. "Ṣé kí n ṣì fi í sílẹ̀?"

"Tún un ṣe."

Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ilẹ̀kùn tí mo kàn fún un kò tíì wú. Ó wà nídìí tábìlì, ó ń lọṣọ.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní, bí ẹni ń kí oníbàárà. "Aṣọ wo lẹ mú wá?"

"N kò mú aṣọ wá. Ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́."

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún ọmọ yín náà. Ọ̀dọ̀ mi ni àna yín ń fọṣọ, òun ló wá sọ ọ́. Mo dúpẹ́." Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì náà padà. "Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọwọ́ ilẹ̀kùn tó kán di ìfẹ́."

"Wọ́n ti tún un ṣe. Ó ń ṣí láti inú. O lè bọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ọ́."

Áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ lọ́jọ́ yẹn," mo ní. "Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ tí mẹkáníìkì ní òun á tún un ṣe fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

Ó le fún mi láti sọ. Mo sọ ọ́.

"Bó bá ti ń ṣí, o ò ní dúró dè mí mọ́."

Ojú rẹ̀ wà lára mi. Òórùn kan gba inú ṣọ́ọ̀bù.

"Aṣọ ń jó," mo ní.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè. Àpá rẹ̀ ti yọ gedegbe lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà.

"Ṣẹ́ẹ̀tì ta ni?"

"Ti àna rẹ," ó ní.

Mo gbọ́ "rẹ" náà. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, èmi tí n kì í rẹ́rìn-ín.

A lọ fi orúkọ ìgbéyàwó wa sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ mi ti ní òun kò ní wá. Nígbà tí mo wa ọkọ̀ dé iwájú ọ́fíìsì náà, ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Alágbàfọ̀ mi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó fà á díẹ̀, ó ṣí. Ó tún fà á padé. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Mò ń dúró dè ọ́," ó ní.

Mo bọ́ sílẹ̀. Orúnkún mi kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn ọkọ̀ yí lọ, n kò kánjú.

"Bàbá," ni ọmọ mi wí, "ṣé wọn ò tíì tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe ni?"

"Wọ́n ti tún un ṣe," mo ní, mo sì ṣí i.